Owó Mápó: Ta Ni Yóò Jíhìn Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò gbé àpótí fún ẹgbẹ́ wa. Ọ̀rọ̀ owó ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a fẹ́ bi àwọn tí ó wà ní ipò, a sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà bá wa bi wọ́n: owó tí ó ń wọlé fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa lóṣooṣù, ọwọ́ ta ni ó ń bọ́ sí, ta ni ó sì yẹ kí ó dúró níwájú wa kí ó jíhìn rẹ̀?

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí. Wọn a ní Àbújá ni agbára wà. Wọn a jókòó sí abẹ́ igi, wọn a máa jiyàn lórí Ààrẹ àti àwọn sẹ́nétọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, nígbà tí àgbàrá ń ya wọ ẹ̀yìnkùlé wọn. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má bojú wo Àbújá. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí kò lè bi alága ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò kan náà léèrè ọ̀rọ̀, ara rẹ̀ ni ó ń tàn bí ó bá rò pé òun yóò bi Ààrẹ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí òfin gbé lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ ọ́n, àwọn tí ó sì mọ̀ ọ́n kò fẹ́ kí a mọ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 kà á sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, ilé ìyàgbẹ́ gbogbo ènìyàn, ojú ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà, iná ojú ọ̀nà, kíkó pàǹtí, ìwé ìbí àti ìwé ikú, ilẹ̀ ìsìnkú, títí kan orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ara ilé. Wọ́n tún ní ìpín tiwọn nínú ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nínú ètò ìlera, àti nínú ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀. Kí ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì gbéra láti Bẹẹrẹ, kí ó gba Mápó sọ̀kalẹ̀ sí Ọjà'ba, kí ó yà sí Bẹyẹrúnkà, kí ó máa ka gọ́tà tí ó ń ṣàn àti èyí tí ó ti dí, kí ó wá sọ fún wa bí iṣẹ́ náà ti ń lọ sí. Ìlú tí ó rí omíyalé Ògùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, tí ó sì tún rí irú rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, kò yẹ kí ó máa fi ọ̀rọ̀ gọ́tà ṣeré. Àgbàrá òjò kò ní òun kò ní ilé wó. Onílé ni kò ní gbà fún un. Ṣùgbọ́n owó tí onílé yóò fi dènà rẹ̀, níbo ni ó wọlẹ̀ sí?

Nígbà kan rí, àwọn baba wa mọ ibi tí wọn yóò ti bèèrè. Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929, ní ayé Kápítéènì Ross, orí òkè ni wọ́n kọ́ ọ sí, gbogbo ìlú ni ó ń rí i. Owó orí àwọn àgbẹ̀ a gòkè lọ síbẹ̀, ẹ̀sùn wọn náà a sì gòkè tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá ti san owó orí rẹ̀ a gba ìwé. A ká a, a fi í sí àpò, àkódà kò sì lè dá a dúró lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin àgbà tí ó wà láàrin wa kò nílò kí a rán yín létí ọdún 1968. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́. Iye tí wọ́n ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ kò tó nǹkan, ọ̀nà oko ti bàjẹ́, wolé-wolé àti àwọn agbowó-orí ń fòòró ènìyàn, Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Gómìnà Adéyínká Adébáyọ̀ sì ń bèèrè owó orí tí ó wọ àgbẹ̀ lọ́rùn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún náà, àwọn àgbẹ̀ wọ́ tìrítìrí wá sí Mápó. Ìbọn dún, ẹ̀mí ṣòfò. Ìjọba yan ìgbìmọ̀ aṣèwádìí sábẹ́ Adájọ́ Ayọ̀ọlá, ṣùgbọ́n ìjà kò tán. Ní 1969 àwọn Àgbẹ́kọ̀yà ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgọ́dì, wọ́n sì tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Ìgbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá Tàfá Adéoyè ní Akànrán ni ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, tí owó orí sì padà di pọ́n-ùn méjì.

Ẹ kíyè sí ohun kan tí àwọn òǹkọ̀wé ìtàn máa ń fi ẹsẹ̀ gbá kọjá. Àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn kò sọ pé àwọn kò ní san owó orí rárá. Ṣílè 30, èyíinì ni òkè mẹ́fà, ni wọ́n ní àwọn yóò san. Wọ́n gbà pé ìjọba ní láti rí owó ná. Ohun tí wọn kò gbà ni pé kí wọ́n máa sanwó kí ọ̀nà máa bàjẹ́, kí wọ́n máa sanwó kí ẹni tí ó gbà á máa kọ́lé. Ẹni tí ó bá pè wọ́n ní jàǹdùkú kò gbọ́ ẹjọ́ wọn dé ìdí.

Ìwé owó orí náà ni a fẹ́ kí ẹ mú nínú ìtàn yìí. Ẹni tí ó di ìwé yẹn mú, ẹ̀tọ́ ni ó dì mú. Ó lè nà án sí kíláàkì lójú kí ó ní, "Owó mi rèé, ọ̀nà mi dà?" Lónìí ńkọ́? Àgbẹ̀ kì í gbé owó orí lọ sí Mápó mọ́. Wọ́n ń ta epo rọ̀bì sí òkèèrè, wọ́n ń pín owó rẹ̀ ní Àbújá, orí rédíò ni àwa ti ń gbọ́ ọ. Nítorí náà ni ẹni tí ó ń ná an fi ń ṣe bí ẹni pé kò sí olówó rẹ̀. Bí ó bá tún gọ́tà kan ṣe, yóò gbé pátákó gìrìwò síbẹ̀ pẹ̀lú àwòrán ara rẹ̀, onílù yóò dé, àwa náà yóò sì jáde lọ dúpẹ́. Àwọn baba wa kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó fi owó wọn tún ọ̀nà wọn ṣe. Wọn a ní kí ó ka èyí tí ó kù.

Irọ́ gbáà ni pé owó náà kò ní olówó. Àwa ni a ń san án, a kàn kò mọ̀ pé a ń san án ni. Gbogbo ẹni tí ó bá ra páànù, tí ó ra sìmẹ́ńtì, tí ó ra ọṣẹ oníbébà, tí ó ra owó ìpè sórí tẹlifóònù rẹ̀, ó san owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT. Láti oṣù Kejì 2020, náírà 7 àti ààbọ̀ ni lórí ọjà 100 náírà. Bí wọ́n bá sì ti kó o jọ, tí àwọn agbowó ti yọ tiwọn, náírà 35 nínú 100 ni òfin fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé. Àgbẹ̀ kan ra páànù tí iye rẹ̀ jẹ́ 10,000 náírà. Ó fi 750 náírà san owó orí ọjà lé e. Nínú 750 yìí, nǹkan bíi 250 náírà ni ó lọ sínú àpò àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ilẹ̀ wa. Ṣé owó Àbújá ni ìyẹn? Owó kòkó ni, owó ẹ̀gẹ́ ni, owó elélùbọ́ Ọjà'ba ni. Èyí yàtọ̀ sí náírà 20 àti kọ́bọ̀ 60 tí ó kàn wọ́n nínú 100 tí ó bá wà nínú àpò àpapọ̀ tí a ń pín láàrin Ìjọba Àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn, tí a sì sọ fún un pé àgbọn náà já bọ́ láti ọ̀run, ni àwa.

Báwo wá ni owó náà ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó yẹ kí ó ná an? Òfin 1999 kan náà ni ó ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àpò àjọni kan tí owó ìjọba ìbílẹ̀ yóò máa gbà kọjá. Ẹni tí ó ṣe òfin náà lè ní ètò rere lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá di ẹnu àpò mú ni ó ni àpò. Láti ìgbà náà ni àwọn gómìnà káàkiri ilẹ̀ yìí ti di ẹnu rẹ̀ mú, tí wọ́n ń yọ, tí wọ́n ń dín, tí èyí tí ó bá ṣẹ́kù sì ń dé Mápó bí omi ẹ̀yìn ìlẹ̀kẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n mú ọwọ́ lé ènìyàn tí yóò gba owó náà. Nínú ìpínlẹ̀ tiwa yìí, láti 2011 tí Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bi ti gorí àga títí di oṣù Karùn-ún 2018, kò sí ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ kankan. Ọdún méje! Àwọn tí gómìnà yàn ni ó ń jókòó. Ní 2018 a dìbò, ẹgbẹ́ tí ó wà ní Àgọ́dì ni ó sì mókè. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2019, ọjọ́ tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé gba ìjọba gan-an, wọ́n ní kí àwọn alága náà máa lọ sílé. Ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún 2021, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé lílé náà kò bófin mu, wọ́n sì ní kí ìjọba san owó oṣù àwọn tí wọ́n lé. A bi yín: ta ni ó san owó náà? Gómìnà kò ta agbádá rẹ̀ láti san án. Ní oṣù Kẹrin 2024 a tún dìbò, ẹgbẹ́ mìíràn ni ó wà ní Àgọ́dì báyìí, òun ni ó sì kó gbogbo alága 33 láìku ẹyọ kan. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹgbẹ́ kan ni a dojú kọ. Ẹgbẹ́ méjì ni ó ṣe ohun kan náà ní ojú wa, èkínní ń bú èkejì bí wọ́n ti ń ṣe é.

Ẹni tí a yàn báyìí, ta ni yóò jíhìn fún? Ó mọ̀ pé ọwọ́ kan ni ó gbé òun síbẹ̀, ọwọ́ kan náà ni ó sì lè gbé òun kúrò. Ojú rẹ̀ yóò wà ní Àgọ́dì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò kọ sí Bẹẹrẹ.

A gbọ́ pé ilé-ẹjọ́ ti yanjú gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni pé ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, nínú ẹjọ́ tí Ìjọba Àpapọ̀ pe àwọn ìpínlẹ̀ 36, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ láti ẹnu Adájọ́ Emmanuel Agim pé gómìnà kò ní ẹ̀tọ́ láti di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú, pé kí owó náà máa lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ni ín, àti pé kò sí àyè fún ìgbìmọ̀ tí a kò dìbò yàn. A yọ̀ ní ọjọ́ náà. Ìdájọ́ náà pé ọdún kan ní oṣù Keje 2025, owó sì ń gba ọ̀nà àtijọ́ kọjá síbẹ̀. Ìdájọ́ kò ní ẹsẹ̀. Ènìyàn ni ó ń gbé e rìn.

Àwọn gómìnà ní àwíjàre tiwọn, a kò sì ní fi í pamọ́ nítorí pé a ń bá wọn jà. Wọ́n ní bí a bá fi owó náà sílẹ̀ fún àwọn alága, owó oṣù tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó ìfẹ̀yìntì yóò wọgbó. Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. A rántí ìgbà tí tíṣà ń lo oṣù púpọ̀ láìgba kọ́bọ̀, tí káńsù ń sọ pé lẹ́yìn tí a yọ owó tíṣà tán, òdo ni ó kù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí a yọ owó tíṣà. Ṣùgbọ́n èwo nínú owó tíṣà ni ó ní kí a má tẹ ìṣirò rẹ̀ sí ìwé? Ẹni tí ó bá yọ 100 láti san 100 kò ní ohun tí yóò fi pamọ́.

Àwọn alága náà kò sì gbọdọ̀ máa pa àtẹ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá gba àpò lọ́wọ́ olè Àgọ́dì tí a fi lé olè Mápó lọ́wọ́, kí ni a ṣe? Mápó kì í ṣe ilé àwọn áńgẹ́lì rí. Ní 1955, Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn rán Ọ̀gbẹ́ni Nicholson láti wádìí ìṣàkóso Káńsù Ìbàdàn nígbà tí Alhaji Adégòkè Adélabú jẹ́ alága rẹ̀. Àwọn alákùkọ ní ọ̀tẹ̀ àwọn ọlọ́pẹ ni. Àwọn ọlọ́pẹ ní olè ni wọ́n ń lé. Síbẹ̀ ìwádìí náà wáyé ní gbangba, wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde, Adélabú sì fi ipò mínísítà ní Èkó àti ipò alága ní Mápó sílẹ̀ ní 1956. Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn náà, ó kan àwọn ọlọ́pẹ fúnra wọn: ní 1962 Adájọ́ Coker jókòó lé àwọn iléeṣẹ́ ìjọba mẹ́fà ní Ìwọ̀ Oòrùn lórí, gbogbo ayé sì gbọ́ bí owó Máàkẹ́tìn Bọ́ọ̀dù, owó kòkó tí wọ́n ní àwọn ń bá àgbẹ̀ tọ́jú, ṣe gba inú iléeṣẹ́ oníilẹ̀ kan kọjá sínú ìṣèlú. A mọ̀ pé ìwádìí méjèèjì ní ọwọ́ ọ̀tá nínú. Kò sí ohun tí ó kàn wá níbẹ̀. Owó wa ni ó kàn wá, ìwádìí wọ̀nyẹn sì jẹ́ kí a rí ibi tí ó gbà. Kí á dúró de ìgbà tí àwọn alágbára bá bá ara wọn jà kí a tó mọ iye owó tí ó wà nínú àpò wa, ìyẹn ni ìtìjú tí ó wà níbẹ̀.

Ó ku ẹ̀yin tiwa. A kò ní torí pé ẹ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kí a má sọ ọ́. Àwọn kan wà nínú yín tí wọ́n ń fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa wọlé nítorí kí ó lè kan àwọn náà láti jẹ. Ẹ ń pè é ní ìpín. Ìlú yìí rí ibi tí ìpín gbé wa dé ní 2006, nígbà tí ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin 18 nínú 32 yọ Gómìnà Ràṣídì Ládọjà, ẹni tí ó gorí ìtẹ́ Ọlúbàdàn ní 2025, tí ilé-ẹjọ́ sì dá a padà ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Olóyè Làmídì Adédibú ti Mọ́lété kò ṣe é ní ìkọ̀kọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó wà nínú ìjà náà. Ó ń se àmàlà, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń jẹ ẹ́, gbogbo wa mọ̀. Ẹni tí ó jẹ àmàlà nílé olóṣèlú ní òwúrọ̀ kò ní ẹnu tí yóò fi bèèrè gọ́tà ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá jẹ́ ìrẹsì báàgì kan àti náírà 2,000 ni ẹ fi ìbò yín ṣe pàṣípààrọ̀, ọjà ti tán nìyẹn. Oníbàárà kì í padà wá bèèrè owó tí ó ti ná.

Nítorí náà, ohun tí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa pinnu rèé. Láti 2004, nígbà tí Dókítà Ngozi Okonjo-Iweala jẹ́ mínísítà ètò ìṣúná, ni Ìjọba Àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iye tí ó kan ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú gbogbo 774 jáde. Iye tí ó wọlé kì í ṣe àṣírí. Iye tí ó jáde, àti ibi tí ó jáde sí, ni a ń wá. Òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ti 2011 sì fún ọmọ ilẹ̀ yìí láṣẹ láti bèèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, kí wọ́n sì dáhùn láàrin ọjọ́ 7. Ní oṣù Kẹrin 2025 Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú.

Kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní ìjọba ìbílẹ̀ 11 tí ó wà ní ilẹ̀ Ìbàdàn, márùn-ún ti inú ìlú àti mẹ́fà ti ẹ̀yìn odi, yan ènìyàn méjì: ẹnì kan tí ó mọ ìwé dáadáa, àti àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò kan tí ojú rẹ̀ kì í tì í. Kí wọ́n kọ lẹ́tà sí alága, kí wọ́n bèèrè iye tí ó wọlé ní oṣù mẹ́ta tí ó kọjá, iye tí wọ́n yọ kí ó tó dé àti ẹni tí ó yọ ọ́, iye tí ó bá owó oṣù lọ, àti orúkọ ọ̀nà, gọ́tà tàbí ọjà tí wọ́n ná ìyókù sí. Kí wọ́n ní kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè Yorùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní Mápó, ní ẹnu Ọjà'ba, ní sẹkitéríàtì Akànrán àti ti àwọn yòókù. Kí kíláàkì tẹ òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà lẹ́tà náà, kí ọjọ́ hàn lára rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí wa. Kí ẹnikẹ́ni má lọ pariwo, kí ẹnikẹ́ni má mú igi lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kẹjọ a ó ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yìí. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ 11 náà yóò wà níbẹ̀, ìdáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ ọ́, a kò ní fi kún un, a kò ní yọ kúrò níbẹ̀. Èyí tí kò bá dáhùn, a ó fi àyè tirẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo.